Ìdí tí mi ò fi gbé ìpè lóru ọjọ́ náà

(Bó bá jẹ́ ìwọ lò ń wa ọkọ̀, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ jàre, tó o bá délé o ó kà á.) Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Kì í ṣe ìwàásù. Ọ̀rọ̀ bátìrì fóònù ni mo fẹ́ sọ, ẹ má sì tíì rẹ́rìn-ín.

Nínú oṣù kẹta ọdún yìí, aago kan òru ti lọ díẹ̀, ìyá kan nínú ìjọ wa pè mí. Opó ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ló ń rọbí nílé ìwòsàn kan níbí n'Ìbàdàn, wọ́n sì ti sọ pé àfi iṣẹ́ abẹ. Mo gbọ́ "Pásítọ̀ mi, ẹ gbà mí o." Mo gbọ́ orúkọ ọmọ náà. Mo gbọ́ "wọ́n ní ká kọ́kọ́ san..." Iye tí wọ́n ní kí wọ́n san, àti ilé ìwòsàn tí wọ́n wà, mi ò gbọ́ ọ. Fóònù ti kú.

Kí n tó gbé e sétí, mo wo ojú ẹ̀, 34% ló wà níbẹ̀. Ó dá mi lójú, torí mo sọ lọ́kàn ara mi pé èyí á gbé mi di àárọ̀. Mo tẹ bọ́tìnì ẹ̀. Ó tàn, ó gbé orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é jáde, ó tún kú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó kàn gbọ̀n díẹ̀ lọ́wọ́ mi ni, kò tàn mọ́.

Iná ti lọ láti aago mẹ́sàn-án alẹ́. Epo ò sí nínú jẹnẹrétọ̀, èmi náà ni mo ní tó bá di àárọ̀ ká rà. Power bank ilé wa, ọmọ mi ọkùnrin ti gbé e lọ sí Ifẹ̀ torí ìdánwò. Ìyàwó mi wà n'Ìjẹ̀bú níbi òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní mo rí fóònù ẹlòmíì yá, ta ni mo fẹ́ pè? Gbogbo nọ́ńbà àwọn ọmọ ìjọ tí mo ti ń bójú tó láti ọdún mọ́kàndínlógún, inú nǹkan pẹlẹbẹ tó kú lọ́wọ́ mi yẹn ló wà. Èmi tí mo mọ nọ́ńbà tó ju ogún lọ lórí nígbà tí a ṣì ń tò láti lọ pe èèyàn ní business centre! Nísinsìnyí, tèmi ni mo mọ̀, àti ti ìyàwó mi, tiẹ̀ gan-an mo máa ń ṣi méjì tó gbẹ̀yìn gbé fún ara wọn.

Mo lọ jókòó sínú mọ́tò lóru, pẹ̀lú sìngílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, mo ki wáyà bọ̀ ọ́, mo ń gba iná sí i. Wáyà yẹn ò dáa, àfi kéèyàn fi ìka tì í mú. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi tì í mú. Ṣé ẹ mọ bí ogójì ìṣẹ́jú ṣe máa ń gùn tó, tí èèyàn bá mọ̀ pé ẹnì kan ń pe òun tí òun ò sì lè gbọ́? Nígbà tó máa tàn, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé wọ́n ti pè mí nígbà mọ́kànlá. Mo pe ìyá padà, ó ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Mo tún pè. Díákónì wa kan ló gbé e. Òun ni ìyá sáré pè nígbà tí kò rí mi bá sọ̀rọ̀. Ó ti fi owó ọjà rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì ti wọ ọkọ̀ débẹ̀, wọ́n ti gbé ọmọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ọlọ́run ṣàánú wa. Ọmọ yè, ìyá ọmọ yè. Ọmọkùnrin ni.

Mo dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ báyìí pé, "Mo rò pé ẹ pa fóònù ni, sà." Kò pariwo, kò bínú. Mo ṣàlàyé. Mo ní bátìrì ni, mo ní 34% ló wà níbẹ̀ nígbà tó kú. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá dénú mọ irú "ẹ ṣé" yẹn. Àgbà ni. Kò ní pe pásítọ̀ rẹ̀ ní òpùrọ́.

Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀rọ̀ ti tàn ká. Àwọn kan ní àwọn á dáwó ra fóònù tuntun fún mi. Arákùnrin wa kan tó wà ní Manchester ní kí n sọ èyí tí mo fẹ́, òun á fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò bèèrè: "Kí ló tiẹ̀ ṣe èyí?" Irú fóònù yẹn ní tuntun ti ju ₦400,000 lọ. Opó mélòó ni ìyẹn máa ràn lọ́wọ́ nínú ìjọ wa? Mo bá ní kí wọ́n dúró ná.

Mo gbé e lọ sí Queen Cinema. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe níbẹ̀ ni wọ́n júwe fún mi, ọmọ náà ò lè ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Kò tíì tú u rárá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè ọ̀rọ̀ bíi dókítà. "Dádì, ọdún mélòó ló ti wà lọ́wọ́ yín?" Mo ní ọdún mẹ́ta àti oṣù mélòó kan. "Ṣé ó máa ń gbóná?" Mo ní ó máa ń gbóná. "Ṣé ẹ máa ń lò ó nígbà tó bá wà lórí ṣájà?" Mo dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ìsìn wa lórí Facebook, fóònù mi lẹ fi ń wò wá. Kámẹ́rà ẹ̀ dáa, àwọn ọmọ media wa sì fẹ́ràn ẹ̀. Láti aago mẹ́jọ sí aago méjìlá, wọ́n á fi kọ́ orí igi lábẹ́ àwọn iná ńlá iwájú pẹpẹ, tòun ti àpò rọ́bà tó nípọn tó wọ̀, wọ́n á sì ki ṣájà bọ̀ ọ́ kó má bàa kú láàárín ìsìn. Tí a bá ṣe tán, èmi náà á gbé e lé orí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò nínú oòrùn, máa lọ kí àwọn èèyàn. Ọdún mẹ́ta gbáko! Ọmọ yẹn gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ha, Dádì. Ẹ ti sè é."

Mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí 34% ṣe lè di òkú láàárín ìṣẹ́jú kan. Àpèjúwe tó ṣe fún mi, mo ti lò ó fún ó kéré tán èèyàn mẹ́wàá. Ó ní kí n wo táńkì omi orí òpó. Omi lè wà nínú táńkì, ṣùgbọ́n kí páìpù tó ń gbé omi wálẹ̀ ti dípẹtà. Tí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀ láti fi ṣanwọ́, omi á yọ. Tí ẹ bá ní kó yọ gìdìgbà, á gán. Bátìrì tó ti gbó bẹ́ẹ̀ ló rí. Tí fóònù bá kàn wà nílẹ̀, ìwọ̀nba iná tó ń fà kéré. Ṣùgbọ́n tí ìpè bá wọlé, tí ojú ẹ̀ tàn, tí network ò sì lágbára, á fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì ò ní lè gbé e sílẹ̀ bó ṣe fẹ́ ẹ, fóònù á sì pa ara rẹ̀. 34% tí ẹ rí lójú ẹ̀, ìṣirò ni. Fóònù ò yọjú wo inú táńkì.

Àṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí ti ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé. Ní 2017, Apple jẹ́wọ́ pé àwọn ń mú kí iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó máa rọra ṣiṣẹ́, kó má bàa máa kú lójijì báyìí. Ariwo pọ̀, torí àwọn èèyàn ti rò pé fóònù wọn ló darúgbó, ọ̀pọ̀ ti lọ ra òmíràn. Ní 2018 wọ́n wá dín owó pípààrọ̀ bátìrì kù láti $79 sí $29. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín $29 àti owó iPhone tuntun.

Irú bátìrì tó wà nínú gbogbo fóònù wa báyìí, lithium-ion ni wọ́n ń pè é. Sony ló kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà ní 1991. Àwọn mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn bí i, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Ẹni ọdún 97 ni Goodenough nígbà tó gba tirẹ̀, kò sí ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tó gbà á rí. (Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sọ pé ọjọ́ ti lọ fún yín ní ọdún 45, mo kí yín o.) Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ ni pé lithium á rìn láti apá kan bátìrì lọ sí apá kejì nígbà tí a bá ń gba iná sí i, á sì rìn padà nígbà tí a bá ń lò ó. Nínú ìlọ-bọ̀ yẹn, díẹ̀díẹ̀ ń há sọ́nà, kò ní ṣeé lò mọ́. Kò sí bátìrì tí kì í gbó. Apple ní iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú ẹ̀ yẹ kó ṣì lè gba 80% ohun tó ń gbà ní tuntun lẹ́yìn ìlọ-bọ̀ 500, pé ti iPhone 15 jẹ́ 1,000. Tí ẹ bá lo ìdajì lónìí tí ẹ lo ìdajì lọ́la, ìlọ-bọ̀ kan péré nìyẹn.

Ooru ló máa ń jẹ́ kó yára gbó. Àwọn tó ń ṣe é kì í fẹ́ kó ju 35°C lọ. Ẹ̀yin náà ẹ ronú Ìbàdàn nínú oṣù kẹta, ẹ wá ronú inú mọ́tò tí a ti dígí ẹ̀ pa. Ẹ má fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí tó bá wà lórí iná. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń ta bọ́ọ̀lù lórí fóònù pẹ̀lú ṣájà nídìí ẹ̀, tó bá ti gbóná lọ́wọ́ yín, ẹ yọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ gba iná sí i, ẹ bọ́ àpò rọ́bà yẹn kúrò lára ẹ̀.

Mo tún gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tí GSM dé ní 2001, wọ́n ní ká fi fóònù tuntun sórí iná fún wákàtí mẹ́jọ ká tó lò ó, wọ́n ní ká jẹ́ kó kú pátápátá ká tó tún gba iná sí i. Mo ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ yín. Ẹ gbàgbé ẹ̀. Ọ̀rọ̀ bátìrì onínickel ìgbà àtijọ́ ni. Lithium ò fẹ́ kéèyàn jẹ́ kó gbẹ dé òdo, kò sì fẹ́ kéèyàn fi í sílẹ̀ ní 100% fún wákàtí púpọ̀. Àárín 20 sí 80 ló dára fún un jù. Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun ní ibi tí ẹ lè wọ̀ nínú Settings, lábẹ́ Battery, kí ẹ ní kó dúró ní 80%, ẹ wá a.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. "Pásítọ̀, NEPA wo ló máa jẹ́ ká yan 80?" Òótọ́ ni. Bí iná bá dé fún wákàtí kan, ẹ gba ohun tí ẹ bá rí gbà, gbígba díẹ̀díẹ̀ ò pa á lára. Tí ẹ bá ń lọ sí ìrìnàjò, ẹ jẹ́ kó kún. Èmi fúnra mi, tí mo bá rí i pé iná ò ní dé lálẹ́, mo máa ń jẹ́ kó kún kí n tó sùn. Kí bátìrì gbó díẹ̀ sàn ju kí n má gbọ́ ìpè lọ.

Ẹ tún kíyè sí network. Nígbà tí a lọ ìhìn rere ní ìletò kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, gbogbo fóònù wa ti kú kó tó di aago méjì, bẹ́ẹ̀ a ò lò wọ́n. Network ni wọ́n ń wá kiri láti àárọ̀, wíwá yẹn ló gbé gbogbo iná wọn lọ. Tí ẹ bá wà níbi tí kò ti sí, ẹ fi sórí airplane mode. Ìyẹn á ṣe yín láǹfààní ju kí ẹ máa pa gbogbo áàpù ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, torí tí ẹ bá tún ṣí i, iná púpọ̀ ló tún máa fi gbéra. Kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀ kù.

₦22,000 ni mo fi pààrọ̀ bátìrì. Mo jókòó tì í títí tó fi ṣe é tán. Bátìrì ayédèrú kún ọjà, wọ́n á kọ iye tó wù wọ́n sí i lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni power bank. Èyí tí wọ́n kọ 20,000mAh sí tí kò wúwo rárá lọ́wọ́ yín, ẹ dá a padà fún wọn. Ọmọ náà tún kìlọ̀ fún mi pé fóònù tí wọ́n bá ti tú, kéèyàn má gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́ pé omi ò lè wọ̀ ọ́, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀.

Ibì kan wà tí mi ò gba àwàdà, ìyẹn bátìrì tó bá wú. Fóònù àtijọ́ ìyàwó mi wà nínú dúrọ́ọ̀ fún bí ọdún kan. Lọ́jọ́ tí a yọ ọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ ti là, ojú ẹ̀ ti gbé sókè bí ẹni pé wọ́n fi ìwúkàrà sí i. Ọmọ mi fẹ́ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó padà sí àyè ẹ̀, mo pariwo mọ́ ọn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ má gba iná sí i, ẹ má jù ú sínú ààtàn tí wọ́n ń dáná sun. Ẹ gbé e síbi tó tutù, tó jìnnà sí nǹkan tó lè gbaná, kí ẹ sì gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ní 2016, Samsung kó gbogbo Galaxy Note 7 padà kúrò lọ́wọ́ àwọn èèyàn káàkiri ayé torí pé bátìrì ẹ̀ ń gbaná. Bí ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè bẹ̀rù ẹ̀, kí àwa náà bẹ̀rù ẹ̀.

Ìgbà wo wá ni kéèyàn ra òmíràn? Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tó bá bi mí ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá ohun tó ń ṣe é. Nígbà míì, fóònù tí kò gba iná mọ́, eruku àpò ṣòkòtò ló dí ihò ṣájà ẹ̀. Fóònù tó ń lọ́ra, ó lè jẹ́ fídíò WhatsApp ìjọ wa (ẹ má bínú) ló kún inú ẹ̀. Tó bá jẹ́ bátìrì nìkan, ẹ pààrọ̀ bátìrì. Tó bá jẹ́ bátìrì, ojú ẹ̀ tún ti fọ́, ó tún ń pa ara rẹ̀, tí owó àtúnṣe sì ti ń lọ sí ìdajì owó òmíràn, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì wò rárá ni ààbò. Ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "security update" sí, ẹ wo déètì tó wà níbẹ̀. Tó bá ti lé ní ọdún méjì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti fi ìmúdójúìwọ̀n ránṣẹ́ gbẹ̀yìn, fóònù yẹn lè máa tàn dáadáa o, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀ ò ní kọ́kọ́rọ́ mọ́, inú ẹ̀ sì ni owó yín wà. Bàbá kan nínú wa ní fóònù tí bátìrì ẹ̀ ṣì lágbára ju tèmi lọ. Nígbà tí 2025 bẹ̀rẹ̀, WhatsApp kúrò lórí ẹ̀, torí Android 5.0 sókè ni wọ́n ń fẹ́ nígbà náà. Bàbá rò pé wọ́n ṣe òun ní nǹkan ni. Irú fóònù bẹ́ẹ̀, a ò ní pààrọ̀ bátìrì fún un, òmíràn la máa rà.

Tó bá jẹ́ London used lẹ fẹ́ rà, kò burú, èmi náà ti rà á rí. Tó bá jẹ́ iPhone, ẹ ní kí wọ́n ṣí Battery Health níwájú yín. Tó bá ti wà lábẹ́ 80%, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú ohun tí ẹ máa san. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ gbèsè oṣù mẹ́wàá nítorí fóònù. Ọ̀kan nínú yín wá bá mi níjọ́sí, gbèsè ṣì ku oṣù mẹ́rin, fóònù ti já bọ́ sínú omi. A jọ sunkún ni.

Èmi ti tún ra fóònù palasa onítọ́ọ̀ṣì kan pẹ̀lú síìmù kejì. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin lórí iná kan. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló ń sùn. Nọ́ńbà ẹ̀ wà lára pátákó ìkéde lẹ́yìn ìjọ, àti ti díákónì méjì tí ẹ lè pè lóru. Ẹ dà á kọ sínú ìwé, kì í ṣe sínú fóònù nìkan. Àwọn ọmọ media ti gba kámẹ́rà kékeré kan, fóònù mi ti fẹ̀yìn tì lórí igi yẹn.

Ìyá wa ṣì ń wá sí ìjọ, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Mo fún un ní nọ́ńbà tuntun yẹn lọ́wọ́ ara mi, ó gbà á, ó ní ẹ ṣé. Ní ọjọ́ Tuesday tó kọjá, aago méjìlá òru kù díẹ̀, palasa dún. Mo gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní, "Mà, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ọmọ ni?"

Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, sà. Mo kàn ní kí n pè é wò, bóyá ó máa lọ ni."